A Kò Gbọdọ̀ Lé Ọmọ Ilé-Ìwé Láìgbọ́ Ti Ẹnu Rẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà wá bá wa pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tí ó wà nínú ìwé náà, nítorí pé ẹni mẹ́ta ni ó ti kà á fún un kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní, “Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin akọ̀wé, bóyá ẹ ó rí ohun tí àwọn yòókù kò rí.” Ìwé náà ti ọ̀dọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wá, ìlà márùn-ún péré ni. Ó sọ pé ìgbìmọ̀ ìbáwí ti jókòó, pé wọ́n ti rí i pé ọmọkùnrin rẹ̀ hu ìwà tí kò yẹ akẹ́kọ̀ọ́, pé a lé e kúrò láti ọjọ́ tí a kọ ìwé náà, àti pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ọgbà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Irú ìwà wo? Ìwé náà kò sọ. Ọjọ́ wo ni ó hù ú, níbo, lójú ta ni? Ìwé náà kò sọ. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò gbé ojú sókè, ó sì sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò pe òun láti bi òun léèrè ọ̀rọ̀ kan rí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò mọ̀ bóyá ọmọ náà jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ó lè jẹ́ pé ó jẹ̀bi. Kí a má purọ́, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dà bí ojú aláìlẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé ọdún mẹ́ta, èyí tí ìyá náà yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú èrè aṣọ, ni ìlà márùn-ún yìí gbé lọ, ó sì tọ́ kí ẹni tí a gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ ìdí tí a fi gbà á. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí nípa ọ̀nà tí a ń gbà bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wí ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwàkiwà ni a fẹ́ gbèjà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, gbogbo wa ni a sì mọ irú ilé tí wọ́n ti tà báyìí. Ẹni tí ó bá fi ìwé pamọ́ sínú aṣọ wọ inú yàrá ìdánwò lónìí ni yóò máa po oògùn fún wa lọ́la, tàbí kí ó máa ṣírò irin tí yóò gbé òrùlé ró lórí àwọn ọmọ wa. Ní ti ẹgbẹ́ òkùnkùn, ta ni ó lè gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Agẹmọ ọdún 1999, nígbà tí àwọn apààyàn wọ inú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń sùn sí, tí wọ́n sì pa márùn-ún nínú wọn, tí akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára àwọn tí ó kú? Ilé-ìwé tí kò bá lè lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde kì í ṣe ilé-ìwé mọ́, ibùba ni. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá le, a kò bínú sí i. A rántí pé àwọn olùkọ́ tí ó le jù ní ìgbà èwe wa ni a ń dárúkọ wọn tìfẹ́tìfẹ́ lónìí.

Ohun tí a ń bèèrè kò ju èyí lọ: kí a tó lé ọmọ, kí a sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un, kí a gbọ́ ti ẹnu rẹ̀, kí ẹni tí yóò sì dá ẹjọ́ náà má ṣe jẹ́ ẹni tí a ṣẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń wí kí ilé-ìwé kankan tó dé ilẹ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ tí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, láti inú yunifásítì ni ó ti wá. Ní ọdún 1718 Yunifásítì Cambridge gba oyè ìwé lọ́wọ́ Richard Bentley, ọ̀gá Trinity College, wọn kò sì pè é kí ó wá wí tẹnu rẹ̀. Bentley gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ọba. Nígbà tí wọ́n ń dá ẹjọ́ náà ní ọdún 1723, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ rán wọn létí pé Ọlọ́run pàápàá, ẹni tí kò sí ohun tí ó pamọ́ fún, kọ́kọ́ pe Ádámù, ó sì bi í léèrè bóyá ó jẹ nínú èso igi náà, kí ó tó lé e jáde kúrò nínú ọgbà. A sì dá oyè Bentley padà fún un. Ẹ má ṣe rò pé ẹni pẹ̀lẹ́ ni Bentley: alágídí ènìyàn ni, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Alágídí bẹ́ẹ̀ gan-an ni a dá òfin sí fún, nítorí òun ni ọwọ́ ń yá gbogbo ènìyàn láti lé láìbéèrè.

Ṣùgbọ́n Cambridge jìnnà. Kí a padà sí Èkó, kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú àwọn baba wa ní King's College, ilé-ìwé tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1909. Ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ìjọba ti gba ilé tí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ń sùn sí, wọ́n ti fi í fún àwọn sọ́jà, wọ́n sì ti kó àwọn ọmọ lọ sí àwọn ilé mìíràn nínú ìlú, níbi tí ìgbé ayé kò ti rọrùn fún wọn. Àwọn ọmọ náà ráhùn títí, nígbà tí ó sì di oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1944, wọ́n kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní kí a bá wọn wí kò ṣìnà. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá kọ̀ láti wọ kíláàsì ti rú òfin ilé-ìwé, ó sì wà ní ìkáwọ́ ọ̀gá láti kọ̀wé sí àwọn òbí wọn, láti dá wọn dúró fún ìgbà díẹ̀, tàbí láti lé àwọn tí ó ṣáájú wọn. Ìjọba kò dúró síbẹ̀. Wọ́n kó 75 nínú àwọn ọmọ náà lọ sí kọ́ọ̀tù, wọ́n sì mú 8 nínú wọn, wọ́n sọ wọ́n di sọ́jà ní tipátipá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ yìí dáradára. Ta ni ó gba ilé lọ́wọ́ àwọn ọmọ? Ìjọba ni. Ta ni ó ni ilé-ìwé? Ìjọba ni. Ta ni ó mú wọn, ta ni ó fi wọ́n sùn, ta ni ó sì ni ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tí a tì wọ́n sí? Ìjọba kan náà ni. Ẹni tí a ń ráhùn sí ni ó di olùfisùn, òun náà ni ó sì mú pàṣán dání. Ìyà náà fúnra rẹ̀ sì tún jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu. Ní ọdún 1944 yìí kan náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà ní Bọ́mà nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti 81 àti ti 82, wọ́n ń la igbó àti ẹrẹ̀ kọjá, àwọn kan nínú wọn kò sì padà wálé. Bí iṣẹ́ ológun bá jẹ́ iṣẹ́ ọlá, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti ń kéde rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá ènìyàn, báwo ni ó ṣe di ẹgba tí a fi ń na ọmọ ilé-ìwé? Bí ó bá sì jẹ́ ìyà, kí ni a ó sọ fún ìyá tí ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ tinútinú pé kí ó lọ?

Ìlú kò gbà á. Ìbínú nítorí àwọn ọmọ mẹ́jọ wọ̀nyí wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà pe àwọn ẹgbẹ́ yòókù jọ sí Glover Memorial Hall ní Èkó, ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 1944, níbi tí a gbé dá ẹgbẹ́ N.C.N.C. sílẹ̀. Herbert Macaulay, ẹni tí ó ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, di alága. Nnamdi Azikiwe di akọ̀wé àgbà. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé yìí nìkan ni ó bí ẹgbẹ́ náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀dùn ọkàn ni ó ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó bá rò pé ìyà tí òun fi jẹ ọmọ kò lè jáde kọjá ògiri ọgbà, kí ó lọ rántí ọdún náà.

Àwọn kan yóò ní òyìnbó ni ó ṣe ti 1944, pé ìgbà ti yí padà. Ní ọdún 1983, nígbà tí òyìnbó ti fi ìjọba sílẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún, rúkèrúdò bẹ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Maiduguri. A dáná sun ilé, a ba ohun ìní jẹ́. Ó burú gidigidi. Àwọn aláṣẹ yan ìgbìmọ̀ ìwádìí, wọ́n sì fi igbákejì ọ̀gá àgbà yunifásítì náà ṣe alága. Ọkùnrin yìí sì wà lára àwọn tí àwọn ọmọ ṣe ní jàǹbá nínú rúkèrúdò kan náà. Lẹ́yìn ìwádìí ni a lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a ní wọ́n jẹ̀bi.

A kò sọ pé ènìyàn burúkú ni alága náà. Ó lè jẹ́ olóòótọ́ bí a ti ń wá a. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀: kí ènìyàn jìyà lọ́wọ́ àwọn ọmọ kan, kí a sì mú ọ̀kan nínú wọn wá síwájú rẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, kí a ní kí ó fi ọkàn tútù gbọ́ àwíjàre rẹ̀. Àwa kò lè ṣe é. Ẹ sì fi ara yín sí ipò ọmọ tí ó dúró níwájú rẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé inú yàrá rẹ̀ ni ó sùn sí ní gbogbo òru ọjọ́ náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ sí kọ́ọ̀tù, ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ́ Garba ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà sì gòkè títí ó fi dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1986 ilé-ẹjọ́ náà dá wọn láre. Ó sọ pé dídáná sun ilé àti kíkó ohun ìní oníǹkan jẹ́ ọ̀ràn sí ìlú, pé kọ́ọ̀tù nìkan ni ó lè sọ pé ẹnìkan jẹ̀bi irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. Ó tún sọ pé ẹni tí a ṣe ní jàǹbá kò yẹ ní ìjókòó lórí àwọn tí a fura sí, nítorí pé abala 33 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979 ti fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ òdodo. Ẹ̀tọ́ yìí kan náà ni ó wà ní abala 36 nínú ìwé òfin ọdún 1999 tí a ń lò lónìí.

Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé kò fẹ́ràn ìdájọ́ yìí, a sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n ní ilé-ìwé kì í ṣe kọ́ọ̀tù. Pé bí a bá dúró de adájọ́, ọmọ tí ó mú ìbọn wọ ọgbà yóò ti jáde ilé-ìwé pẹ̀lú oyè kí ẹjọ́ tó parí. Pé ẹlẹ́rìí ń bẹ̀rù láti fara hàn níwájú ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Òótọ́ wà nínú èyí, pàápàá nínú ti ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n òfin kò fi wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Nínú ẹjọ́ kan tí ó ti Yunifásítì Calabar wá, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kan náà gbà ní ọdún 2004 pé ilé-ìwé lè dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró nígbà tí ìwádìí ń lọ lọ́wọ́, pé èyí kò ba ìgbẹ́jọ́ òdodo jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí a bá fura sí pé ó mú ìbọn wọ ọgbà, kí a dá a dúró ní ọjọ́ náà gan-an, kí a pe ọlọ́pàá. Dídá dúró yàtọ̀ sí lílé. Èkíní ń ti ilẹ̀kùn, èkejì ń wó ilé.

Ní ti ọ̀rọ̀ pé ilé-ìwé kì í ṣe kọ́ọ̀tù, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí kọ́ọ̀tù kan ní Amẹ́ríkà wí. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1960, àwọn ọmọ Alabama State College, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú Montgomery, lọ jókòó ní ibi ìtajẹ kan nínú ilé-ẹjọ́ ìlú náà, níbi tí a kì í tí ta oúnjẹ fún ènìyàn dúdú. Gómìnà bínú, wọ́n sì lé mẹ́sàn-án nínú wọn. Ìwé tí a fi lé wọn kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ ní pàtó. Nígbà tí a ka ìtàn yìí, ìwé ìyá aláṣọ wa ni ó sọ sí wa lọ́kàn. Mẹ́fà nínú wọn pe ẹjọ́, ní ọdún 1961 ilé-ẹjọ́ sì dá wọn láre. Kò ní kí kọ́lẹ́ẹ̀jì di kọ́ọ̀tù. Ó ní kí a sọ ẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ, kí a jẹ́ kí ó mọ àwọn tí ó jẹ́rìí sí i àti ohun tí wọ́n sọ, kí a sì jẹ́ kí òun náà wí tirẹ̀, kí ó mú ẹlẹ́rìí tirẹ̀ wá. Ọ̀sán ọjọ́ kan tó fún ìgbìmọ̀ láti ṣe gbogbo èyí. Àwọn baálé ilé ń ṣe é lábẹ́ igi odán láìní ìwé kankan lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tí ó ń dùn wá, a kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn rúkèrúdò, ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa pé kí a ti ilé-ìwé, kí a sì ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ san owó ohun tí ó bàjẹ́ kí wọ́n tó padà wọlé, olúkúlùkù. Ọmọ tí ó wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà yóò san án, ọmọ tí ó dúró ti ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé kí wọ́n má baà fọ́ ọ yóò san án pẹ̀lú. Owó yìí, láti inú àpò àwọn òbí ni ó ti ń jáde, ẹni tí ó ju òkúta sì ń rẹ́rìn-ín nítorí pé gbogbo ayé ni ó bá a san gbèsè rẹ̀.

Ó kù kí a bá ẹ̀yin òbí sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò tí kì í ráàyè. Nígbà tí ọmọ bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, a máa ń fún un ní ìwé òfin ilé-ìwé, ó sì máa ń fi ọwọ́ sí i pé òun yóò pa á mọ́. Mélòó nínú yín ni ó ti rí ìwé náà? Ẹ ní kí ó kà á fún yín ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ ó rí i níbẹ̀, bí ilé-ìwé náà bá jẹ́ gidi, èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń torí rẹ̀ gba owó ìtanràn, èwo ni a ń torí rẹ̀ lé ọmọ fún sáà kan tàbí méjì, èwo ni a ń torí rẹ̀ lé e pátápátá, àti iye ọjọ́ tí ó ní láti fi bẹ̀bẹ̀ sí ìgbìmọ̀ àgbà. Ọjọ́ wọ̀nyí kì í pọ̀, wọn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá kọ̀wé sí ọmọ pé kí ó dáhùn ẹ̀sùn, kí ó dáhùn ní kíkọ, kí ó tọ́jú ẹ̀dà kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń fi ìwé ẹ̀sùn pamọ́ fún òbí títí ọjọ́ ìdáhùn yóò fi kọjá, lẹ́yìn náà ni a óò máa ké pé a kò gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe gbé iṣu àti ewúrẹ́ lọ sí ilé ọ̀gá ní òru. A mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni ẹ pè é, ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá jàre, ẹ ti fi ewúrẹ́ sọ ọ́ di ẹlẹ́bi. Bí ó bá sì jẹ̀bi tí ewúrẹ́ sì gbà á sílẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn tí kò ní ewúrẹ́ ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ìyá aláṣọ wa ti fẹ́ lọ ra ewúrẹ́ tirẹ̀ kí ó tó wá bá wa. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi owó náà pamọ́. Dípò rẹ̀, a bá ọmọ náà jókòó, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà kan sí ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Kò bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, kò sì sunkún. Ohun méjì péré ni ó bèèrè: irú ẹ̀ṣẹ̀ wo ni a ní òun ṣẹ̀, àti ọjọ́ wo ni òun lè wá síwájú ìgbìmọ̀ láti wí tẹnu òun. Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà náà lọ. A ń retí èsì.